Láti Koko dé Taranto: bí ẹ ṣe lè fi kíkọ́ èdè Ítálì mọ ìdí ohun tó ń dààmú ayé

Ní ọdún 1988, àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń kàwé ní Ítálì rí ìròyìn kan nínú ìwé ìròyìn ibẹ̀ tó lé oorun lójú wọn. Àwọn oníṣòwò kan láti Ítálì ti ń di pàǹtírí olóró sínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sì ń kó o lọ sí èbúté kékeré kan tó ń jẹ́ Koko, nílẹ̀ Itsekiri, ní ibi tó di ìpínlẹ̀ Delta lónìí. Àgbá lórí àgbá ni wọ́n tò sí àgbàlá ọkùnrin kan tí wọ́n ń fún ní owó háyà táṣẹ́rẹ́ lóṣooṣù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà kọ̀wé sílé, ìwé ìròyìn Nàìjíríà gbé e, ariwo sì ta. Pàǹtírí náà sún mọ́ 4,000 tọ́ọ̀nù. Ìjọba ológun ìgbà náà ṣe òfin tó fi ẹ̀wọ̀n gbére de ẹni tó bá tún dán irú ẹ̀ wò, Ítálì sì ní láti wá kó ẹrù rẹ̀. Karin B, ọ̀kan nínú ọkọ̀ tó wá kó o, rìn gbéregbère láti èbúté kan sí òmíràn ní Yúróòpù, kò sẹ́ni tó fẹ́ kó dúró lẹ́nu ọ̀nà òun, kó tó wá gúnlẹ̀ sí Livorno ní Ítálì. Ní oṣù kẹta ọdún 1989, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò lórí àdéhùn Basel nípa gbígbé pàǹtírí olóró kọjá ẹnubodè. Ọ̀rọ̀ Koko wà lára ohun tó lé wọn débẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn yìí ni pé kì í ṣe ọlọ́pàá, kì í sì í ṣe aṣọ́bodè ló tú àṣírí. Ọmọ ilé ìwé tó lè ka èdè Ítálì ni.

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó fẹ́ kọ́ èdè náà kọjá "buongiorno, ẹ fún mi ní kọfí". Ẹ ó máa kọ́ èdè, ẹ ó sì máa fi í kọ́ nípa àyíká, ìṣèlú àti bí ènìyàn ṣe ń gbé ayé, lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá lè yọ ìdajì wákàtí sọ́tọ̀ lójúmọ́, ọdún kan tó. Mi ò ní ẹ ó di ọ̀jọ̀gbọ́n. Mo ní ẹ ó lè ka ìwé ìròyìn, kí ẹ sì mọ ibi tó ti fi nǹkan pamọ́ sábẹ́ ẹní.

Oṣù méjì àkọ́kọ́: ẹnu àti etí

Ẹni tó ń sọ Yorùbá ti jogún ohun tí àwọn mìíràn ń wá kiri. Fáwẹ́lì méje ni èdè Ítálì ní, àwọn méje náà sì ni a, e, ẹ, i, o, ọ, u tiwa. Wọn kì í fi àmì sábẹ́ e àti o nígbà tí wọ́n bá ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà lẹ́nu. Bí ẹ bá fi e pe "pesca", ẹja pípa ni. Bí ẹ bá fi ẹ pè é, èso kan ni. "Botte" tí a fi o pè jẹ́ àgbá ọtí, tí a fi ọ pè jẹ́ lílù. Lóòótọ́, ẹkùn sí ẹkùn ni wọ́n ń yí èyí pa dà, ṣùgbọ́n etí yín á gbọ́ ọ, etí ọmọ London á sì máa tiraka. Ọ̀rọ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ló tún ń parí sí fáwẹ́lì, bíi tiwa.

Ibi tí a ti ń ṣubú ni kọ́ńsónáńtì tí wọ́n bá kọ léra. Yorùbá kò ní in. Ọjọ́ kẹta mi ní ilé ìdáná ilé oúnjẹ kan ní Padova, òùngbẹ ń gbẹ mí bí ẹni tó jẹ iyọ̀, mo bá kígbe sí ọ̀gá mi pé, "Ho sette!" Ó gbé ṣíbí sílẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Sette cosa?" Méje kí ni? "Sete" ni òùngbẹ, "sette" ni méje. Láti ìgbà náà títí tí mo fi kúrò níbẹ̀, "Sette" ni wọ́n ń pè mí. Ẹ dúró díẹ̀ lórí "t" náà, bíi pé ìyókù ọ̀rọ̀ há yín lọ́fun, kí ẹ tó tú u sílẹ̀. Ẹ máa fi pala àti palla, pena àti penna, nono àti nonno dánra wò láràárọ̀ nígbà tí ẹ bá ń wẹ̀.

Ìyókù kò le. "P" wọn kì í ṣe "p" inú "pọ̀pọ̀". Ti Gẹ̀ẹ́sì ló jọ. "V" yàtọ̀ sí "f", kí ẹ má bàa pe "vino" ní "fino". "Che" ni "ke", "sci" ni "ṣi".

Ní ti ọ̀rọ̀, onímọ̀ èdè kan, Tullio De Mauro, ka àwọn tí ará Ítálì ń lò jù lọ, ó sì rí i pé nǹkan bí 2,000 ló gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń sọ àti èyí tí wọ́n ń kọ. Àkójọ rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n ń pè é ní "vocabolario di base". Mẹ́wàá lójúmọ́, ẹ ó parí 2,000 náà kó tó pé oṣù méje. Ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá parí rẹ̀ kí ẹ tó lọ sí ohun tó kàn.

Ẹ mú ìlú kan

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ fi èdè Ítálì kà nípa ojú ọjọ́ tó ń yí pa dà, tàbí nípa àwọn aṣíkiri, ti fi apẹ̀rẹ̀ bu òkun. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀rọ̀ tuntun á bò ó mọ́lẹ̀, á sì pa dà sórí Facebook. Ìlú kan péré ni kí ẹ mú, kí ẹ máa tọ ipasẹ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo níbẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Orúkọ àwọn ènìyàn kan náà, òpópónà kan náà, òfin kan náà á máa pa dà wá, títí ẹ ó fi mọ̀ wọ́n bí aládùúgbò.

Èyí tí mo máa ń fún àwọn tí mò ń kọ́ ni Taranto, ìlú etí òkun ní Puglia, ní gúúsù. Ilé iṣẹ́ irin kan wà níbẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1965, ọ̀kan lára àwọn tó tóbi jù ní Yúróòpù. Àdúgbò Tamburi fara tì í pẹ́kípẹ́kí. Eruku pupa ń bà lórí fèrèsé wọn, lórí aṣọ tí wọ́n sá, ó tún ń bà lórí sàréè òkú wọn. Ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ láti ilé iṣẹ́ náà wá, wọ́n ń pè é ní "wind day". Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń pè é láàárín èdè Ítálì wọn, bí ẹni pé ẹ̀fúùfù náà kì í ṣe tilé. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á ní kí wọ́n ti fèrèsé, wọ́n sì ti ti ilé ìwé pa ní Tamburi rí nítorí ẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2012, adájọ́ kan pàṣẹ kí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé apá ibi tí iná ìléru wà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ló ń jẹun níbẹ̀, wọ́n sì bọ́ sí ìgboro. Ní ọjọ́ 24 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, Ilé Ẹjọ́ Yúróòpù fún Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ní Strasbourg dá a lẹ́jọ́ pé Ítálì kò dáàbò bo àwọn ará ibẹ̀ bó ṣe yẹ.

Gbólóhùn kan péré láti Taranto lè kọ́ yín ní ìṣèlú ọdún kan: "O la salute o il lavoro." Yálà ìlera tàbí iṣẹ́. Wọ́n ní orúkọ fún un, "ricatto occupazionale": kí a fi iṣẹ́ ẹni halẹ̀ mọ́ ẹni. Ẹni tó dàgbà ní Ewekoro, tí eruku sìmẹ́ǹtì ń bà lórí páànù ilé bàbá rẹ̀, kò nílò kí n túmọ̀ ẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti alágbàṣe bá wù yín jù, ẹ mú Foggia, Puglia náà ló wà. Ẹ ti bá Ítálì pàdé ní ọjà láìmọ̀. Agolo tòmátò De Rica láti Ítálì ló sọ ara rẹ̀ di òṣùwọ̀n ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà wa, tí a fi ń sọ pé "ẹ wọn dẹ̀ríkà méjì fún mi". Ní pápá tòmátò Foggia, àwọn ará Áfíríkà pọ̀ nínú àwọn tó ń já a nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. "Bracciante" ni wọ́n ń pè wọ́n, láti ara "braccio", apá: ẹni tó ń fi apá rẹ̀ jẹun. "Cassone" ni àpótí ńlá tí wọ́n ń kún, ó ń gbà tó nǹkan bí 300 kílò, iye àpótí tí ẹ bá sì kún ni wọ́n ń san. Èyí ni "a cottimo". Láàárín alágbàṣe àti onílẹ̀ ni "caporale" wà, ẹni tó ń fi bọ́ọ̀sì kó wọn lọ tó sì ń yọ tirẹ̀ lára owó wọn. Láti ọdún 2011 ni òfin ti sọ ọ́ di ọ̀ràn fún caporale, Òfin 199 ti ọdún 2016 ló sì na ọwọ́ dé ọ̀dọ̀ agbanisíṣẹ́ tó ń lò ó. Wẹ́wẹ́ báyìí ni ẹ ṣe máa wọ inú ọ̀rọ̀ náà: kí ẹ tó mọ ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí "ìrẹ́jẹ", ẹ ti mọ orúkọ àpótí.

Lampedusa náà wà, erékùṣù tó sún mọ́ Tunisia ju Sicily lọ. Màá dé orí rẹ̀ níwájú.

Ìwé alápá mẹ́ta

Ẹ ra ìwé àjákọ kan. Ẹ fa ìlà méjì sí ojú ewé kí ó pín sí mẹ́ta. Lápá òsì ẹ kọ "chi", ta ló ṣe é. Láàárín, "che cosa", kí ló ṣe. Lápá ọ̀tún, "a chi", ta ló ṣe é sí. Gbogbo ìròyìn tí ẹ bá kà nípa ìlú yín, ẹ kó àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí ibi tó tọ́ sí wọn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, apá ọ̀tún á kún fọ́fọ́: àwọn aláìsàn, àwọn ọmọdé, àwọn alágbàṣe, àwọn òkú. Apá òsì á máa yán hànhàn. "Il terreno è stato inquinato": wọ́n ti ba ilẹ̀ náà jẹ́. "I fusti sono stati scaricati": wọ́n ti já àwọn àgbá náà sílẹ̀. Wọ́n wo? Àwa náà ní "wọ́n" yìí ní Yorùbá, a sì mọ bí ènìyàn ṣe ń sá sẹ́yìn rẹ̀ tí ọ̀ràn bá dé. Nítorí náà, ọjọ́ tí ìwé gírámà yín bá dé orí bí ọ̀rọ̀-ìṣe ṣe ń tẹ̀lé "essere" àti "stato", ẹ má ṣe fò ó. Ibẹ̀ ni àwọn ọ̀daràn ń gbé.

Ìwé òfin kí ó tó kan ìwé ìròyìn

Ó lè jọ ohun tó le, àmọ́ Ìwé Òfin orílẹ̀-èdè wọn rọrùn láti kà ju ìwé ìròyìn òwúrọ̀ lọ. Ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1948 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, lẹ́yìn Mussolini àti ogun, àwọn tó kọ ọ́ sì fẹ́ kó yé àgbẹ̀ àti alágbàṣe. De Mauro tún ka èyí náà: ọ̀rọ̀ 1,357 péré ni wọ́n fi kọ ọ́, 1,002 nínú wọn sì jẹ́ ọ̀rọ̀ tó wà nínú "vocabolario di base" tí ẹ ti ń kọ́ bọ̀. Abala 139 ni. Ojú òpó Senato, ilé aṣòfin àgbà wọn, ní in lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ jẹ́ ká jọ wo ìlà kan ní Abala 9. Oṣù kejì ọdún 2022 ni wọ́n fi kún un:

«Tutela l'ambiente, la biodiversità e gli ecosistemi, anche nell'interesse delle future generazioni.»

Ta ló ń ṣe é? Olùwà ti wà ní ìbẹ̀rẹ̀ abala náà, "La Repubblica", ni wọn kò ṣe tún un pè. Kí ló ń ṣe? "Tutela": ó ń dáàbò bò. Ọ̀rọ̀ yìí àti "tutore" jọ ń rìn ni, "tutore" sì ni alágbàtọ́ tí òfin yàn fún ọmọ tí kò ní òbí. Ẹ wo ohun tí ìjọba fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ: pé òun jẹ́ alágbàtọ́ fún àyíká. Lẹ́yìn náà ẹ wo "l'", "la" àti "gli". Nǹkan mẹ́ta, ọ̀rọ̀ atọ́ka mẹ́ta, nítorí èkíní jẹ́ akọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fáwẹ́lì, èkejì jẹ́ abo, ẹ̀kẹta jẹ́ akọ tó pọ̀ ju ẹyọ kan lọ. Èèyàn lè fi ìlà yìí kọ́ ohun tí ìwé gírámà ń fi ojú ewé mẹ́fà ṣàlàyé. "Anche" ni "pẹ̀lú", ó kéré bí ẹ̀wà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá yọ ọ́ kúrò, òfin náà kò ní jẹ́ ti àwa tó wà láyé báyìí mọ́, á di ti ọmọ tí a kò tíì bí nìkan.

Nísinsìnyí, ẹ gbé ìlà náà wá sí Yorùbá, láìfi fóònù túmọ̀ rẹ̀. "Ambiente", àyíká. "Future generazioni", ìran tó ń bọ̀. "Biodiversità", onírúurú ohun abẹ̀mí. "Ecosistemi" ń kọ́? Mo ti kọ "bí ilẹ̀, omi, ewéko àti ẹranko ṣe jọ ń gbé", ó gùn bí okùn, ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kò sì tíì tẹ́ mi lọ́rùn. Ìjàkadì yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ náà, ẹ má ṣe sá fún un. Nígbà tí ẹ bá parí, ẹ ṣí ìwé alápá mẹ́ta yín, ẹ kọ "La Repubblica" sí apá òsì, níwájú ìlú tí ẹ mú.

Ẹ ka Abala 1, 10 àti 11 pẹ̀lú. Abala 10 ló sọ pé àlejò tí wọn kò jẹ́ kó lo òmìnira rẹ̀ nílé ní ẹ̀tọ́ sí ààbò ní Ítálì. Ẹ há a sórí kí ẹ tó ka ìròyìn kankan nípa Lampedusa.

Ìwé ìròyìn

Ní Padova, mo ń ka ìwé ìròyìn lọ́fẹ̀ẹ́ ni. Gbogbo báà kọfí ló máa ń ní ọ̀kan lórí káńtà. Ẹ ó ra kọfí kékeré, ẹ ó dúró mu ún, ẹ ó ṣí i. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìbàdàn tàbí Peckham, ẹ wá Il Post tàbí ANSA lórí fóònù. Àròkọ kan lójúmọ́ tó, ẹ sì kà á lẹ́ẹ̀mẹta: lẹ́ẹ̀kíní láìṣí ìwé atúmọ̀-èdè, lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú Treccani, lẹ́ẹ̀kẹta sókè, kí ará ilé gbọ́.

Ohun kan wà tí kò sí olùkọ́ tó sọ ọ́ fún mi ní kùtùkùtù, ó sì mú mi ṣìnà fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹ wo gbólóhùn yìí. Èmi ni mo ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ ó bá irú rẹ̀ pàdé lójoojúmọ́:

«Secondo gli inquirenti, i rifiuti sarebbero stati interrati di notte.»

"Secondo gli inquirenti": gẹ́gẹ́ bí àwọn tó ń ṣèwádìí ṣe wí. "I rifiuti": pàǹtírí, láti ara "rifiutare", kí a kọ nǹkan. Ohun tí a kọ̀. Ẹ rántí Karin B tí gbogbo èbúté kọ̀. "Di notte": lóru. Gbogbo ọ̀rọ̀ ẹjọ́ náà wà nínú "sarebbero". Ìwé gírámà á sọ fún yín pé "ìbá" ni, bíi "ǹ bá lọ ká ní mo lówó". Nínú ìròyìn, iṣẹ́ mìíràn ló ń ṣe: "wọ́n ní", "a gbọ́ pé". Oníròyìn náà kò fọwọ́ sọ̀yà. "A gbọ́ pé wọ́n rì í mọ́lẹ̀ lóru" ni gbólóhùn yẹn, kì í ṣe "wọ́n rì í mọ́lẹ̀ lóru". Bó bá jẹ́ "sono stati interrati" ni, ó ti di òdodo ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí, tó wá gbé ìròyìn náà sórí WhatsApp ní Yorùbá, ti dá ẹlẹ́ṣẹ̀ sílẹ̀ tàbí kó ti fẹ̀sùn kan aláìṣẹ̀. Ẹ fi pẹ́ńsù pupa yí gbogbo "sarebbe" àti "avrebbe" ká.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ìwé ìròyìn méjì kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Avvenire jẹ́ ti àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì, nínú ìṣèlú, il manifesto wà lápá òsì pátápátá, Il Giornale wà lápá ọ̀tún. Lampedusa ló dára jù fún eléyìí. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá ọdún 2013, ọkọ̀ kan rì létí erékùṣù náà, ènìyàn 368 kú, ọmọ Eritrea ló pọ̀ jù nínú wọn. Láti ọdún 2016 ni òfin ti sọ ọjọ́ náà di ọjọ́ ìrántí. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé nípa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Níbi kan "sbarco" ni: wọ́n gúnlẹ̀, bí ọmọ ogun ṣe ń gúnlẹ̀. Níbòmíràn "soccorso" ni: wọ́n gbà wọ́n là. Ọkọ̀ kan náà, ọjọ́ kan náà.

Ẹ wo orúkọ tí wọ́n ń pe ènìyàn náà. "Clandestino" ni ẹni tó ń fara pamọ́ wọlé. Ìlànà àwọn oníròyìn tí wọ́n ń pè ní Carta di Roma, ti ọdún 2008, ní kí wọ́n máa lo ọ̀rọ̀ tó bá òfin mu dípò ọ̀rọ̀ báyẹn. "Richiedente asilo" ṣì ń dúró de èsì. "Rifugiato" ti gba ìwé. "Profugo" ni ogunléndé. Ọ̀kan tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni "extracomunitario", ẹni tí kì í ṣe ará Àjọ Yúróòpù: ará Amẹ́ríkà wà níbẹ̀, ará Switzerland wà níbẹ̀, àmọ́ mi ò gbọ́ ọ rí kí wọ́n pe oníbáǹkì láti Zurich bẹ́ẹ̀.

Fífetí sílẹ̀: ẹ fi omi kọ́ nọ́ńbà

Nọ́ńbà ló máa ń sá mọ́ gbogbo wa lọ́wọ́ lórí rédíò. Mo rí oògùn rẹ̀ ní Venezia. Ìlú náà ní ọ́fíìsì kan, Centro Maree, tó ń kéde lójoojúmọ́ ibi tí omi òkun máa ga dé, ní sẹ̀ǹtímítà, àti aago tó máa dé ibẹ̀: "massima 85 cm alle ore 22". Ẹ máa kà á sókè láràárọ̀. Láàárín oṣù kan, nọ́ńbà kò ní bà yín lẹ́rù mọ́, ẹ ó sì ti mọ ìgbà tí omi ń wọ ìlú.

Nígbà náà ni àwọn nọ́ńbà ńlá á wá ní ìtumọ̀. 194 ni ti ọjọ́ 4 oṣù kọkànlá ọdún 1966, tó ga jù nínú èyí tí wọ́n wọ̀n. 187 ni ti ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá ọdún 2019. 110 ni ìwọ̀n tí wọ́n fi ń pinnu láti gbé MOSE dìde, ìyẹn ilẹ̀kùn irin 78 tó dùbúlẹ̀ sí ìsàlẹ̀ omi ní ẹnu ọ̀nà mẹ́ta tí òkun ń gbà wọlé. Ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá ọdún 2020 ló kọ́kọ́ dá omi ńlá dúró. Kó tó dìgbà náà, ní ọdún 2014, àwọn ọlọ́pàá ti kó àwọn ènìyàn ńlá nítorí rìbá lórí iṣẹ́ náà, olórí ìlú gan-an wà nínú wọn. Ọ̀rọ̀ àyíká ló wọlé, ọ̀rọ̀ ìṣèlú ló bá jáde.

Fún rédíò, ẹ gba RaiPlay Sound sórí fóònù, kí ẹ máa gbọ́ ìròyìn GR1 láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Ìròyìn kan náà ni wọ́n máa ń tún sọ. Ohun tí kò yé yín láàárọ̀ á yé yín díẹ̀ lálẹ́. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Nígbà òjò, ẹ máa tẹ́tí sí "allerta": gialla, arancione, rossa, bí ewu bá ṣe pọ̀ tó. Pupa ni wọ́n kéde ní Emilia-Romagna ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí àwọn odò ya bo ìlú tí ènìyàn 17 sì kú. "Argine" ni bèbè tí wọ́n mọ sí etí odò, "frana" ni kí ilẹ̀ ya lulẹ̀, "sfollati" ni àwọn tí wọ́n kó kúrò nílé. Ará Èkó tó ń gbé Àjégúnlẹ̀ kò ní pẹ́ mọ̀ wọ́n sórí.

Sísọ ọ́: tu àti Lei

Àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì máa ń kùn nípa èyí. Àwa kọ́. "Tu" ni "ìwọ", "Lei" ni "ẹ̀yin" tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà àti ẹni tí a kò mọ̀. Ìyàtọ̀ kan ni pé ọ̀rọ̀-ìṣe "Lei" ń rìn bíi ti "òun": "Lei ha il documento?" Ṣé ìwé wà lọ́wọ́ yín?

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Mo dúró lórí ìlà ní ọ́fíìsì kan. Bàbá onírun funfun kan ló wà níwájú mi, òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́yìn gíláàsì ń kí i pé "Lei, signore". Ó kàn mí, èmi tí mo ti pé ogójì ọdún, ó ní, "Tu, dammi il passaporto." Ìwọ, mú ìwé ìrìnnà rẹ wá. Ara mi gbóná, nítorí mo mọ ohun tí "ìwọ" jẹ́. Àwọn ará Ítálì fúnra wọn ti kọ̀wé púpọ̀ lórí "dare del tu" fún aláwọ̀ dúdú, bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. Mo dá a lóhùn pẹ̀lú "Lei", mo fà á gùn: "Ecco a Lei, signora." Ojú rẹ̀ pọ́n díẹ̀. Láti orí ìbéèrè kejì, "Lei" ló ń pè mí.

Bí ẹ bá fẹ́ ẹni tí ẹ ó máa bá sọ̀rọ̀, ẹ wá ọ̀dọ́ tí wọ́n bí sí Ítálì tí òbí rẹ̀ wá láti Nàìjíríà. Wọ́n pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ bi í nípa "cittadinanza". Òfin 91 ti ọdún 1992 ní kí àlejò tí kì í ṣe ti Àjọ Yúróòpù gbé ibẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá kó tó béèrè fún dídi ọmọ ìlú. Ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ ń dúró di ọdún 18. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, wọ́n pe ìlú síta láti dìbò bóyá kí mẹ́wàá di márùn-ún, ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún péré ló jáde, kò sì dé ìdajì tí òfin béèrè. Ẹ jẹ́ kó máa sọ, kí ẹ kàn máa ní "davvero?" àti "e poi?". Wákàtí kan á lọ.

Bí ẹ bá nílò ìwé ẹ̀rí

CELI ti Perugia, CILS ti Siena àti PLIDA ti ẹgbẹ́ Dante Alighieri ni ìdánwò tí wọ́n mọ̀ jù. Ìpele ìmọ̀ èdè A2 ni fún ìwé ìgbélùú ọlọ́jọ́ gígùn, B1 fún ẹni tó fẹ́ di ọmọ ìlú, B2 ni ọ̀pọ̀ yunifásítì ń béèrè fún ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fi èdè Ítálì kọ́. Ẹni tó bá ti kún ìwé alápá mẹ́ta kan tán kò ní í rí àròkọ B2 bí àjèjì, nítorí àyíká, iṣẹ́ àti àwọn aṣíkiri ni wọ́n fẹ́ràn láti béèrè.

Iṣẹ́ tí ẹ ó fi parí ọdún

Ìwé ìròyìn la Repubblica ṣí àpótí àwọn ìròyìn rẹ̀ àtijọ́ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láti ọdún 1984. Ẹ wọ ibẹ̀, ẹ tẹ "Koko" àti "Karin B", ẹ yan ọdún 1988. Ẹ mú àròkọ mẹ́ta, ẹ kà wọ́n bí mo ṣe wí, lẹ́ẹ̀mẹta-mẹ́ta. Ẹ yí "sarebbe" ká. Ẹ kún apá òsì, àárín àti apá ọ̀tún. Lẹ́yìn náà, ẹ ka iye ìgbà tí wọ́n dárúkọ ọkọ̀ náà, àti iye ìgbà tí wọ́n dárúkọ ọkùnrin tó ni àgbàlá.